Wàrà, Kúlíkúlí, àti Gbànja Alhaji

Bí o bá fẹ́ mọ ṣọ́ọ̀bù Alhaji Abdulganiyu ní Sabon Gari Zaria, má wulẹ̀ bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣáà wọ ọjà lọ, kí o máa gbóòórùn. Ibi tí ewé tútù àti obì gbànja bá ti ń rùn sí ọ nímú, o ti débẹ̀ nìyẹn. Ìlọrin ni wọ́n bí Alhaji sí, ṣùgbọ́n Zaria ló ti hu irùngbọ̀n, Zaria náà ni irùngbọ̀n ọ̀hún ti funfun. Obì ni iṣẹ́ rẹ̀. Obì ló fi ń kíni, òun ló fi ń bẹ̀bẹ̀, òun náà ló fi ń dúpẹ́. Kò sí ẹni tó wọlé tọ̀ ọ́ rí, ìbáà jẹ́ olówó, ìbáà jẹ́ alágbe, tí kò gba awẹ́ obì kan kí ó tó jókòó. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ń gba àlejò lọ́wọ́ òfo, kí onítọ̀hún kúkú ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

Suwebat ni àkọ́bí rẹ̀, ó sì gba àṣà yìí lọ́wọ́ baba rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà tó gboyè kẹ́místírì ní yunifásítì tó wà ní Samaru, tó sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí fún oyè kejì, obì kì í wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀ ní láàbù. Ọ̀sẹ̀ kì í yípo kí Alhaji má fi apẹ̀rẹ̀ gbànja ránṣẹ́ sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá yọjú, ìbáà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹni tó wá tún iná ṣe, Suwebat á fa tíréè kan jáde, á ya obì sí i, á ní, "Bismillah, ẹ fi panu." Gbogbo ilé ìwé ló mọ̀ pé láàbù Suwebat kò ní jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn ṣófo.

Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ gbọdọ̀ yé wa kí á tó lọ síwájú, kò sì le rárá. Ohun kan wà nínú obì tó ń jẹ́ kaféènì. Òun ni kì í jẹ́ kí awakọ̀ tó ń ti Kano bọ̀ tòògbé. Suwebat fẹ́ ṣe ohun kan tí yóò dá kaféènì mọ̀ láàrin ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn, tí yóò gbá a mú, tí yóò sì jẹ́ kí ìyókù kọjá lọ ní tiwọn. Pọ́límà ni wọ́n ń pe ohun náà, ìbátan ike àti rọ́bà tí gbogbo wa ń lò nílé ni. Nígbà tó bá ṣì jẹ́ omi, wọ́n á da kaféènì sí i, wọ́n á sì jẹ́ kó dì yí i ká. Bó bá ti dì tán, wọ́n á fọ kaféènì náà jáde. Ààyè rẹ̀ á wá ṣófo sílẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn tẹ ẹsẹ̀ mọ́ amọ̀ tútù tí amọ̀ sì gbẹ. Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lè jọ ti ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò ní bá ojú ẹsẹ̀ náà mu.

Irú amọ̀ wo wá ni kí ènìyàn lò? Níbẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Oríṣi pọ́límà mẹ́ta ni Suwebat ṣe láti fi wọ́n wé ara wọn, ẹni tó sì sọ wọ́n lórúkọ ni Ọmọ́lábákẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní tábìlì kejì. Tudun Wada ní Zaria náà ni wọ́n bí Ọmọ́lábákẹ́ sí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi àfi bó bá ń sùn. Pọ́límà àkọ́kọ́ rọ̀ jù bí ẹ̀kọ tí kò dì, ó sọ ọ́ ní Dẹ̀ngẹ́. Bí wọ́n bá ti fọ kaféènì kúrò nínú rẹ̀ báyìí, ó ti gbàgbé rẹ̀ nìyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá kanlẹ̀kùn ló ń gbà wọlé. Èyí tó le gbagidi, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò rọ́nà jáde, tí ti ìta kò sì rọ́nà wọlé, ó sọ ọ́ ní Kúlíkúlí. Èyí tó wà láàrin méjèèjì ló pè ní Wàrà. Ọmọ Ìlọrin mọ wàrà dáadáa: ó rọ̀ lẹ́nu, síbẹ̀ àmì agbọ̀n tí wọ́n fi sẹ́ ẹ kì í kúrò lára rẹ̀.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tún ní ìkejì, èyí tí wọ́n ṣe bákan náà gẹ́lẹ́ ṣùgbọ́n tí wọn kò fi kaféènì sí nígbà tó ń dì. Ìkejì yìí ni ẹlẹ́rìí. Bí Wàrà bá gbá kaféènì mú, tí ìkejì rẹ̀ tí kò mọ kaféènì rí sì jẹ́ kó kọjá, a jẹ́ pé ìmọ̀ ni Wàrà fi mú un, kì í ṣe wọ̀bìà.

Oṣù ààwẹ̀ ni Suwebat bẹ̀rẹ̀ sí í dán wọn wò, ní ọdún 1981. Òjò ń rọ̀, ebi ń pa á, Ọmọ́lábákẹ́ sì ń ké ní gbogbo àárọ̀ pé, "Suwe, gbé Wàrà wá! Níbo lo gbé Dẹ̀ngẹ́ sí?"

"Ọmọ́lábákẹ́, nítorí Ọlọ́run, ṣé o ò rí orúkọ mìíràn ju oúnjẹ lọ?"

"Haba! Èmi kọ́ ni mo ní kí o máa gbààwẹ̀. Ṣùgbọ́n o rí i pé èmi náà kì í jẹ nǹkan lójú rẹ."

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo oṣù náà, kò sẹ́ni tó panu ní láàbù yẹn lọ́sàn-án. Alhaji kò fi apẹ̀rẹ̀ ránṣẹ́. Dókítà Ìpàdéọlá pàápàá, ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ Suwebat, ọmọ Ọ̀yọ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kì í ṣófo gbànja láti àárọ̀ títí di ìgbà tí yóò relé, ó ń bu ọlá fún ààwẹ̀ ọmọ náà, ó ń jẹ obì tirẹ̀ nílé.

Èsì ìdánwò náà dùn ju oyin lọ. Ìyẹ̀fun pọ́límà ni Suwebat ń dà sínú omi tó ní kaféènì, á mì ín pọ̀, á sẹ́ ẹ, á wá gbé omi náà sínú ẹ̀rọ kan tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wo iye kaféènì tó ṣẹ́kù. Dẹ̀ngẹ́ gba kaféènì, ó tún gba tíófílìnì, àbúrò kaféènì tó wà nínú tíì, àfi bí ẹni tí ojú ń kán. Kúlíkúlí kò gba ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n Wàrà! Wàrà gbé kaféènì mì káló, ó sì yíjú kúrò lọ́dọ̀ tíófílìnì bí ìyàwó tó rí orogún lójú ọ̀nà. Ìkejì Wàrà jókòó jẹ́ẹ́, kò gba kiní kan. Dókítà Ìpàdéọlá wò ó, ó tún un wò, ó fò sókè. Lọ́jọ́ náà gan-an ló ránṣẹ́ sí Pùròfẹ́sọ̀ Oyèládé, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ pọ́límà ní ìhà gúúsù, pé kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Bí Pùròfẹ́sọ̀ bá fọwọ́ sí i, Suwebat lè máa bá iṣẹ́ náà lọ títí yóò fi di dókítà. Ohun tí ọmọ náà ń fẹ́ láyé kò jùyẹn lọ.

Wọ́n jẹ ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tán, Suwebat padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí òun tún ìdánwò náà ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i kí àlejò tó dé. Nǹkan yíwọ́. Omi tó fi kaféènì díẹ̀ sí, nígbà tó fi ẹ̀rọ wò ó, kaféènì inú rẹ̀ ti pọ̀ ju èyí tó fi sí i lọ! Wàrà tó yẹ kó gbà, ó ń fi kún un. Ó dán Dẹ̀ngẹ́ wò, bákan náà. Kúlíkúlí, bákan náà. Ó kọ́kọ́ rò pé bóyá òun kò fọ Wàrà dénú ni, pé kaféènì ìjọ́sí ló ṣẹ́kù nínú rẹ̀ tó ń yọ jáde. Ó fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Lẹ́yìn náà ló dán ìkejì Wàrà wò, òun náà ń tú kaféènì sílẹ̀. Ẹnu ya Suwebat. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ìkejì Wàrà, kaféènì kò gbé inú rẹ̀ rí. Níbo ló ti rí èyí tó ń tú sílẹ̀?

Ó pe Dókítà Ìpàdéọlá. Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú obì ọdún ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wo ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ sì le.

"Suwebat, ṣé o pa ìgò wọn pọ̀ ni?"

"Rárá o, sà."

"Èyí tó o fi hàn mí nínú ààwẹ̀ ńkọ́? Ṣé bó ṣe rí lóòótọ́ nìyẹn, àbí bó o ṣe fẹ́ kó rí ni?"

Suwebat na ìwé èsì ìjọ́sí sí i, kò gbà á.

"Ọjọ́bọ̀ ni Pùròfẹ́sọ̀ ń bọ̀," ni Dókítà wí, ó ń jẹ obì rẹ̀ lọ. "Bí o bá lè tún un ṣe lójú rẹ̀, ó dáa. Bí o ò bá lè tún un ṣe, a ó da iṣẹ́ yìí nù, wàá lọ wá ọ̀gá mìíràn. Èmi ò lè bá ẹni tó ń ro èsì lọ́kàn ara rẹ̀ ṣiṣẹ́." Ó jáde.

Ọ̀rọ̀ náà dun Suwebat wọra. Iṣẹ́ lè bàjẹ́, kò sẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ní ó parọ́, kí ó sì jẹ́ nínú ààwẹ̀! Ó jókòó sórí àpótí, ó fi ọwọ́ bojú, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n.

Ọmọ́lábákẹ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ ti ẹni tó ń sunkún. Ó wá ohun tí yóò fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kò sì rí ju apẹ̀rẹ̀ obì lọ. Ó fa tíréè kan tó sún mọ́ ọn, ó bu omi ṣan án lẹ́ẹ̀kan, ó ya gbànja pupa kan sí i, ó gbé e síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ó tó, Suwe. Jẹ èyí. Bismillah tiyín náà nìyẹn."

Suwebat nawọ́ sí obì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ó ń wo tíréè. Omi obì ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ sí ibi tí awẹ́ ti ya. Tíréè yìí kan náà ni wọ́n sá ìkejì Wàrà sí kó gbẹ láàárọ̀ àná. Lórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sá Dẹ̀ngẹ́. Láti ọjọ́ ọdún, gbogbo ẹni tó wá kí wọn kú ọdún ló ti jẹ obì lórí àwọn tíréè wọ̀nyí, omi lásán ni wọ́n sì fi ń ṣan wọ́n. Àti nínú ààwẹ̀, nígbà tí èsì dùn ju oyin lọ, ta ló jẹ obì níbí?

"Ọmọ́lábákẹ́," ó ní, "kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà."

"Obì yìí dá ṣáṣá o, èmi ni mo ṣà á!"

Suwebat da awẹ́ obì náà nù, ó bu omi mímọ́ ṣan tíréè, ó sì gbé omi ọ̀hún sínú ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ fò sókè. Ó fi omi mìíràn fọ ìka ara rẹ̀, ó wò ó, abẹ́rẹ́ fò sókè. Ó fi òwú nu ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Ó nu irin ìlẹ̀kùn. Ó nu ìdérí ìgò. Níbi gbogbo, kaféènì, kaféènì, kaféènì! Gbànja Alhaji ti wọ gbogbo láàbù bí eruku ọyẹ́. Ọmọ́lábákẹ́ la ẹnu sílẹ̀, kò tíì ṣẹlẹ̀ rí pé kò ní ọ̀rọ̀ sọ. Suwebat dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó sì mú ìgò omi kan sáré lọ sí ọ́fíìsì Dókítà.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ ti ìka yín bọ inú omi yìí."

Dókítà Ìpàdéọlá wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ dàrú, ṣùgbọ́n ó ti ìka bọ̀ ọ́. Nígbà tó dúró níwájú ẹ̀rọ tó rí ohun tí ìka rẹ̀ ṣe, ó tu obì ẹnu rẹ̀ sọ́wọ́, ó wò ó, kò sì rí ibi tí yóò jù ú sí. "Ọmọ yìí," ó ní, "o fẹ́ dójú tì mí."

"Àwa méjèèjì ló dójú tì, sà. Èmi ni mò ń pín in."

Wọ́n fọ láàbù. Wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, wọ́n lọ pọ́límà tuntun, wọ́n sá a sórí àwo tuntun. Òfin wá jáde pé obì kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà mọ́. Gbogbo ènìyàn gbà. Ìṣòro kan ṣoṣo ló kù, òun ló sì wúwo jù: ta ni yóò sọ fún Alhaji?

Nítorí Alhaji ti gbọ́ pé Pùròfẹ́sọ̀ kan ń bọ̀ láti gúúsù nítorí ọmọ òun. Lọ́jọ́ tí Suwebat lọ sí Sabon Gari lẹ́yìn ìrun alásárì pé kí òun sọ ọ́, ó bá baba rẹ̀ níbi tó ti ń ṣa obì, ó ń gbé wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀ fún ìyàwó.

"Àníkẹ́, wá wò ó," ni Alhaji wí, oríkì ọmọ rẹ̀ ló fi pè é. "Irú gbànja tí wọ́n ń gbé fún ọba nìyí. Mo ti sọ fún gbogbo ọjà. Alhaji Wahab aláṣọ náà ti ní òun á bá mi dé ibẹ̀. Kí àlejò rẹ kúrò ní ọ̀nà jíjìn, kó má gba obì lọ́wọ́ baba rẹ? A ò ní rí i!"

Suwebat lanu, ó sì pa á dé. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá," ó sì padà sí Samaru, ó ń bú ara rẹ̀ ní gbogbo ojú ọ̀nà.

Ọjọ́bọ̀ pé. Ilẹ̀ mọ́ dáadáa, takisí kan sì dúró níwájú láàbù. Alhaji sọ̀ kalẹ̀ nínú agbádá funfun báláú, Alhaji Wahab ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e, apẹ̀rẹ̀ gbànja tí wọ́n fi ewé tútù bò wà láàrin wọn. Suwebat jáde pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, kò sì dìde kúrò lójú ọ̀nà.

"Àníkẹ́, dìde, jẹ́ kí á wọlé."

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí. Obì kò gbọdọ̀ wọ ibí lónìí."

Alhaji Wahab fi ọwọ́ lu ọwọ́. "Kai! Ọmọ olóbì ló ń lé obì! Abdulganiyu, ṣé etí mi dáa?"

Alhaji Abdulganiyu wo apẹ̀rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì rẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń ta obì, kò sẹ́ni tó dá òun àti obì rẹ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà rí, ọmọ tó bí ló wá ṣe é lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Suwebat mọ̀ pé bí òun bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, baba òun á wọlé, inú rẹ̀ á dùn, abẹ́rẹ́ á fò sókè, wọ́n á sì pe òun ní onírọ́ títí ayé.

"Bàbá," ó ní, "n kò lé e nítorí pé ó burú. Agbára rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Ó gbé ìgò omi kan jáde, ó ní kí baba òun ti ìka bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ wà ní ẹ̀bá fèrèsé, àwọn àgbà méjèèjì sì lè rí i láti ìta. Suwebat gbé omi náà sí i. Abẹ́rẹ́ gbéra nílẹ̀, ó lọ, ó lọ, ó kọlu ìpẹ̀kun rẹ̀, kò sì padà.

"Kí nìyẹn?" ni Alhaji bèèrè.

"Obì ni, Bàbá."

"Èmi tí n kò tíì jẹ obì láti òwúrọ̀? Ìka lásán?"

"Èyí tó ti wọ ọwọ́ yín lára kí wọ́n tó bí mi ni. Ohun kékeré kan báyìí ni a fẹ́ wò lónìí. Bí obì yín bá wọlé, kò sóhun tí a ó rí mọ́ àfi obì."

Alhaji wo ìka rẹ̀. Ó wo abẹ́rẹ́. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ irùngbọ̀n rẹ̀, ó gòkè, ó sì bú jáde. "Wahab! Ṣé o rí i? Ìka mi lásán! Ìwọ lọ ti ìka tìẹ bọ̀ ọ́, ìwọ tó ń ta aṣọ, jẹ́ kí á wò ó bóyá kiní kan á mira!"

Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó gbàgbé pé wọ́n lé òun. Nígbà tó rántí, kò bínú mọ́. Ó ní kí Wahab gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sábẹ́ igi dọ́ńgóyárò tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, òun fúnra rẹ̀ sì ká apá agbádá, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ó ṣe é bí ẹni ń ṣe àlùwàlá, ṣùgbọ́n àlùwàlá olóbì kì í tètè tán. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó fi kànhìnkànhìn bó o, ó fi iyanrìn ha á títí pupa obì fi ń ṣàn lọ. Ó padà wá, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, omi ń kán lára wọn.

"Kí ni kí n ṣe báyìí?"

"Ẹ má fi ọwọ́ kan nǹkan kan, Bàbá. Títí kan èmi."

"To. Èmi ni n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé obì wọlé lónìí, kó fojú kàn mí."

Kò pẹ́ tí Dókítà Ìpàdéọlá fi mú àlejò dé. Pùròfẹ́sọ̀ Oyèládé jẹ́ ọkùnrin gíga, ẹlẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan sì wú sóde. Ibi tó sùn ni wọ́n ti fún un ní goro, obì àwọn Hausa, láàárọ̀. Ó fẹ́ kọjá, Alhaji sì dí ọ̀nà.

"Ẹ kú àbọ̀, alàgbà. Ẹ kú ìrìn. Ẹ forí jì mí, ẹ tu obì ẹnu yín, kí ẹ fi omi fọ ẹnu, kí ẹ fi ọṣẹ fọwọ́."

Pùròfẹ́sọ̀ wo bàbá arúgbó alágbádá tó ń na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ tuntun. Ó rò pé ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ilé ìwé ni. "Kò burú, sà," ó ní, ó sì lọ tu obì rẹ̀, ó fọ ẹnu, ó fọwọ́. Alhaji ní kó tún un fọ̀. Ó tún un fọ̀.

Nínú láàbù, Suwebat bẹ̀rẹ̀. Dẹ̀ngẹ́ gba kaféènì, ó gba tíófílìnì, kò mọ ẹ̀gbọ́n yàtọ̀ sí àbúrò. Kúlíkúlí ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wọn. Nígbà tó kan Wàrà, abẹ́rẹ́ fi hàn pé kaféènì inú omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Wàrà ti gbà á. Tíófílìnì wà níbi tó wà. Suwebat wá gbé ìkejì Wàrà, ẹlẹ́rìí tó dójú tì í lọ́jọ́sí. Ó gbé e sínú omi kaféènì, ó mì ín, ó sẹ́ ẹ, ó gbé e sí ẹ̀rọ. Iye tó fi sí i ló bá níbẹ̀, kò lé, kò dín.

"Ẹ jẹ́ kí èmi náà ṣe é," ni Pùròfẹ́sọ̀ wí. Ó ká apá ẹ̀wù, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bákan náà ni. Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Dókítà ní ó bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Suwebat ì bá ti bò ó mọ́lẹ̀. Kò bò ó. Ó sọ ti tíréè, ó sọ ti àwọn tó wá kí wọn kú ọdún, ó sọ bí òun fúnra òun ṣe ń ya obì sí ibi tí òun ń sá pọ́límà sí. Pùròfẹ́sọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, ó ní, "Ẹni tó bá lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ti ṣìnà fún mi báyìí, bó bá ní òun rí nǹkan, mo gbà pé ó rí i. Dókítà, ẹ jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èmi náà á máa yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú yín, títí yóò fi di dókítà."

Ọmọ́lábákẹ́ hó yèè. Dókítà Ìpàdéọlá sún mọ́ Suwebat, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ lọ́jọ́sí, kò yẹ kí n sọ ọ́. Mo tọrọ gáfárà."

"Ó ti tán, sà," ni Suwebat wí, ó sì ti tán lóòótọ́.

"Ẹ gbọ́ ná," ni Pùròfẹ́sọ̀ bèèrè, "bàbá tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, níbo lẹ ti rí i? Ilé ìwé tiwa nílò irú rẹ̀."

"Bàbá mi ni, sà."

Pùròfẹ́sọ̀ dojú bolẹ̀, ìtìjú mú un, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ kí bàbá náà bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n Suwebat ti sáré jáde ṣáájú.

Oòrùn ti dé àtàrí. Lábẹ́ igi lọ́ọ̀ọ́kán, Alhaji Wahab ti tú apẹ̀rẹ̀, ó ń pín gbànja fún gbogbo ẹni tó ń kọjá, inú rẹ̀ ń dùn. Alhaji Abdulganiyu kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Kò jókòó. Kò jẹ obì. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà níwájú rẹ̀ bó ṣe nà wọ́n láti òwúrọ̀, wọ́n ti bó, wọ́n ti funfun, apá rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n. Suwebat rí i, ìfẹ́ baba rẹ̀ kún un láyà.

"Ṣé o yege?"

"Mo yege, Bàbá."

"Alhamdulillahi." Ó mí kanlẹ̀. Síbẹ̀ kò gbé ọwọ́ náà sílẹ̀. "Àníkẹ́, ṣé mo lè fọwọ́ kan ọmọ mi báyìí?"

Suwebat rìn wọ àárín ọwọ́ náà.